Fèrè Ọ̀sán

Fèrè ilé-iṣẹ́ dún lánàá bí mo ṣe ń fún ọmọ lọ́mú. Ọmọ tú ọmú sílẹ̀, ó gbórí sókè, ó ń fi ojú wá ibi tí ariwo yẹn ti ń bọ̀. Níta, lórí bẹ́ńṣì tí wọ́n máa ń jókòó sí, bàbá mi gbé ife tíì wọn kalẹ̀. Mo gbọ́ ọ bó ṣe kan igi.

Bí fèrè yẹn ṣe máa ń dún lọ́sàn-án nìyí ní apá ọ̀dọ̀ wa ní Ṣàngó-Ọ̀tà yìí. Á bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ bí ẹni tí ara ń ro tó ń kérora, á wá máa ga, á máa ga, títí àwọn ajá àdúgbò á fi dá a lóhùn. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ wá sọ́dọ̀ wa, òórùn bisikíìtì á tẹ̀lé e, òórùn ṣúgà àti bọ́tà tó ń gbóná nínú ààrò ńlá. Ẹ̀yin ọmọ tó ń dàgbà níbí báyìí, òórùn yẹn ti mọ́ yín lára débi pé ẹ ò gbọ́ ọ mọ́. Àwa náà kì í gbọ́ ọ nígbà yẹn, àfi bí ebi bá ń pa wá. Ebi sì máa ń pa wá dáadáa.

Mo gbọ́ tí ẹ ń jiyàn nídìí ẹ̀rọ omi níjọ́sí. Àwọn ọmọkùnrin inú yín ní obìnrin ló ń tètè ríṣẹ́, àwọn ọmọbìnrin ní irọ́ ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì mi, mo wọlé. Iyàn yẹn dàgbà jù yín lọ. Ojú mi ni wọ́n ti ń jà á ní ilé tí mo gbé dàgbà.

Ilé náà wà ní Ilo-Awela, ilé gígùn kan tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àárín rẹ̀ ṣókùnkùn débi pé ìró bàtà la fi ń mọ ẹni tó ń kọjá. Sítóòfù wà lẹ́nu ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ń dín ata ní yàrá kan, gbogbo ilé á máa sín. Kànga wà lẹ́yìn, balùwẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ìjà sì máa ń wà láàárín méjèèjì láràárọ̀. Níwájú ilé ni Ìyá Ìlaròó ti ń ta gàrí. A ò mọ orúkọ wọn. Láti Ìlaròó ni wọ́n ti kó gàrí wá lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dé, wọn ò sì padà síbẹ̀ mọ́. Ẹnu wọn kì í sinmi. Bí ọwọ́ wọn bá ti ń fi kóńgò wọn gàrí, ẹnu wọn náà á máa wọn ọ̀rọ̀, wọn kì í sì í dín in fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá mi ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé-iṣẹ́ irin kan lọ́nà Ìjù. Lọ́jọ́ kan, ìdì irin yẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jọ gbé e, gbogbo ìwúwo rẹ̀ sì bọ́ sórí ẹ̀yìn bàbá mi. Ilé-iṣẹ́ fún wọn ní òróró ìpara, wọ́n ní kí wọ́n lọ sinmi. Bàbá mi sinmi títí ẹlòmíràn fi gba ààyè wọn.

Màámi ní tiwọn ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ bisikíìtì, níbi tí wọ́n ti ń di bisikíìtì sínú páálí. Mo ní wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àmọ́ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá iṣẹ́ yẹn tuntun. Bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, ọ̀pọ̀ èèyàn á kọrí sí gẹ́ètì. Ọkùnrin á tò sápá kan, obìnrin á tò sápá kejì. Ọkùnrin kan tó sanra, tó máa ń mú igi tín-ín-rín kan lọ́wọ́, á wá jáde. Ọ̀gá Ìwọ-Ìwọ là ń pè é, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló máa ń sọ láàárọ̀. Á na igi sí ẹni tó bá wù ú, á ní, "Ìwọ." Ẹni yẹn á sáré wọlé kó tó yí ọkàn padà. Á fo àwọn kan, á tún na igi. "Ìwọ." Ẹni tí igi ò bá nà sí á padà sílé, tàbí kó lọ dúró ní ìkóríta Ṣàngó, bóyá ọlọ́kọ̀ ẹrù kan á nílò ẹni tí yóò bá a já ẹrù.

Àpò ìyẹ̀fun kan wà lẹ́nu gẹ́ètì tí kò wà fún nǹkan mìíràn ju ìdánwò àwọn ọkùnrin lọ. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á gbé e lé èjìká, á gbé e dé etí gọ́tà, á gbé e padà. Bàbá mi máa ń gbé e dé àyà. Lẹ́yìn náà wọ́n á rọra gbé e kalẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó rántí pé òun ní ibòmíràn láti lọ. Àwọn tó wà lórí ìlà á wo ilẹ̀.

Ti obìnrin kò ní àpò nínú. Ikùn ni Ọ̀gá Ìwọ-Ìwọ ń wò, lẹ́yìn náà á wo àyà. Kò gba aláboyún, kò sì gba abiyamọ tí ọmọ rẹ̀ ṣì ń mumú. Ó ní abiyamọ á máa tọrọ àyè, ọkàn rẹ̀ ò ní sí nídìí iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ àbúrò mi Wàsíù ò tíì lè dá jókòó nígbà náà. Láàárọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, màámi á lọ sẹ́yìn kànga, wọ́n á fún omi ọyàn wọn dà sílẹ̀, wọ́n á fi ọ̀já di àyà wọn pinpin, wọ́n á wá wọ aṣọ dúdú lé e. Ìyá Sìdí tí yàrá wọn kọjú sí tiwa máa ń ṣe bákan náà, torí àwọn náà ní ọmọ ọwọ́. Èmi àti Sìdí á jí, a óò bá ibi méjì tó funfun lórí iyẹ̀pẹ̀, eèrà á ti bò ó.

Sìdí lọ̀rẹ́ mi. Ó gùn jù mí lọ, ó mọ ìṣirò jù mí lọ, ó sì lè fi ẹnu ṣe fèrè ilé-iṣẹ́ débi tí àwọn àgbà á fi dìde. Àwa méjèèjì la dá eré Ìwọ-Ìwọ sílẹ̀ nínú ilé wa. Ẹnì kan á ṣe ọ̀gá, á mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn ọmọkùnrin á gbé ọlọ ata ìyá oníyàá, àwa obìnrin á fa ikùn wọlé, a ò ní mí. Ẹni tó bá mí ti ṣubú. A máa ń rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ á fi máa dùn wá. Mo rántí pé ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, wọ́n ń wò wá. Wọn ò bá wa wí. Wọ́n kàn gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbálẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ni iyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ nídìí gàrí. Bàbá mi á ní obìnrin ló ń rọ́wọ́ mú láyé yìí, ẹ ò rí i pé ìyá Àjíkẹ́ wọlé lónìí, èmi jókòó. Ìyá Ìlaròó á ní, "Ó wọlé torí ó purọ́ pé òun ò bímọ. Bàbá Àjíkẹ́, ṣé wọ́n ti bi yín rí bóyá ẹ bímọ?"

Bàbá mi á ní, "Wọn ò bi mí. Ìyẹ̀fun ni wọ́n gbé fún mi."

Àwọn tó ń ra gàrí á rẹ́rìn-ín, wọ́n á pín sí ọ̀nà méjì, wọ́n á jà á títí wọ́n á fi pe ìrun ìṣáì ní mọ́ṣáláṣí. Màámi kì í dá sí i. Wọ́n á kàn máa ra ẹsẹ̀ wọn tó ti wú nítorí ìdúró. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbọ́ tí wọ́n sọ̀rọ̀, ìyẹn lọ́jọ́ tí bàbá mi lọ tò sórí ìlà àwọn obìnrin. Bàbá mi ti rò ó pé bisikíìtì dídì kò nílò ẹ̀yìn, ọwọ́ ló nílò, ọwọ́ àwọn sì wà níbẹ̀. Ọ̀gá Ìwọ-Ìwọ bi wọ́n pé ṣé wọ́n á ró ìró wá lọ́la. Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ọwọ́ obìnrin ló rọ̀ fún iṣẹ́ yẹn. Lálẹ́ ọjọ́ náà màámi ní, "Kò rọ̀. Owó ẹ̀ ló kéré, wọ́n sì mọ̀ pé a ò ní sọ̀rọ̀."

Ní ti Wàsíù, bí a ṣe ń ṣe é rèé. Lẹ́yìn ilé-iṣẹ́, níbi tí koríko ti ga, búlọ́ọ̀kù kan ti yọ kúrò nísàlẹ̀ ògiri níbi tí àgbàrá ń gbà jáde. Bí fèrè ọ̀sán bá ti dún, èmi àti Sìdí á sáré jáde ní ilé-ìwé ní àkókò ìsinmi, a óò gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ Ìyá Ìlaròó, a óò pọ̀n wọ́n, a óò tún máa sá lọ. Mo máa ń wúkọ́ níbi ihò yẹn. Ọwọ́ á yọ jáde. Ọwọ́ màámi nìkan ni mo máa ń rí, ṣúgà á lẹ̀ mọ́ èékánná wọn. Mo máa ń rọra ti Wàsíù wọlé, ẹsẹ̀ ṣáájú, lẹ́yìn náà màá fẹ̀yìn ti ògiri, màá máa gbọ́ bó ṣe ń gbé omi ọyàn mì. Èmi àti màámi kì í sọ̀rọ̀. Bó bá yó, ọwọ́ á tún gbé e jáde. Òórùn bisikíìtì á ti gba gbogbo ara rẹ̀. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn bọ́tà gbígbóná, orí ọmọ ni mo ń gbóòórùn.

Ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ló da ètò yẹn rú. Ọjọ́ kan náà ni èmi àti Sìdí máa ṣe é, kò sì ní parí kí ọ̀sán tó pọ́n. Ìyá Sìdí ní àwọn á fi ògì sílẹ̀ fún àbúrò Sìdí. Wàsíù kì í gba ògì, ṣe ló máa ń pọ̀ ọ́ lé èèyàn lára, ibà sì ti mú un lọ́sẹ̀ yẹn. Màámi ní kí n fi ìdánwò sílẹ̀, ọdún tó ń bọ̀ kò jìnnà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Bàbá mi tí wọ́n ń wẹ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ní, "Jẹ́ kó lọ. Èmi á gbé e lọ bá ẹ."

Màámi wò wọ́n títí. Lẹ́yìn náà wọ́n mú ìró aláwọ̀ aró wọn jáde, èyí tí wọ́n fi ń lọ kírun ọdún, wọ́n ká a, wọ́n sì gbé e lé ọwọ́ bàbá mi.

Ohun tó kù tí mò ń sọ yìí, kò ṣojú mi. Ẹnu àwọn méjèèjì ni mo ti gbọ́ ọ, díẹ̀díẹ̀, láàárín ọdún púpọ̀. Èyí tí bàbá mi fẹ́ràn láti sọ ni ti ojú ọ̀nà. Wọ́n kọ́kọ́ gbé Wàsíù lé èjìká, Wàsíù ké. Wọ́n gbé e mọ́ àyà, ó tún ké. Ìyá Ìlaròó bá pọ̀n ọ́n sí wọn lẹ́yìn, wọ́n fún ìró náà mọ́ wọn láyà bí wọ́n ṣe ń fún un fún obìnrin, ọmọ sì dákẹ́. Bàbá mi rìn báyìí gba àárín Ilo-Awela kọjá. Àwọn ọlọ́kadà fọn fèrè sí wọn. Ọ̀kan dúró, ó dọ̀bálẹ̀ lórí ọ̀kadà rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ kú ewu ọmọ." Bàbá mi ní, "A dúpẹ́. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí díẹ̀."

Wọn kì í sọ èyí tó tẹ̀lé e. Màámi ló sọ ọ́.

Àwọn kan ń gba ihò yẹn jí bọ́tà gbé, a ò sì mọ̀. Máígádì kan ti wà nínú koríko láti àárọ̀, ó ń ṣọ́ olè. Ọmọ kékeré méjì tó pọn ọmọ kò lè jọ olè lójú ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin ló rí lọ́jọ́ yẹn, tó bẹ̀rẹ̀ sídìí ihò, tí ìdì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ bò nítorí oòrùn. Bàbá mi ti tú ọmọ kúrò lẹ́yìn kí wọ́n lè tì í wọlé. Máígádì fi kóndó lù wọ́n lẹ́yìn, lójú ibi tí irin ti bà jẹ́ gan-an. Bàbá mi ṣubú lórí ìgúnpá méjèèjì kí wọ́n má bàa tẹ ọmọ mọ́lẹ̀. Ìgbà tí ìdì yẹn bú sẹ́kún ni máígádì tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ó sì ti fọn fèrè rẹ̀ ná.

Wọ́n mú bàbá mi àti ọmọ yí ká wá síwájú gẹ́ètì. Àwọn obìnrin tó ń di bisikíìtì ti jáde wá sinmi, wọ́n jókòó lábẹ́ páànù. Ọ̀gá Ìwọ-Ìwọ dé pẹ̀lú igi rẹ̀. Ó bi wọ́n pé, "Ta ló ni ọkùnrin yìí nínú yín?"

Bàbá mi ní, "N ò mọ ẹnì kankan níbí o. Ibòji ògiri yín ni mo yà sí, oòrùn mú ọmọ."

Màámi ní ojú bàbá mi kọjá lórí òun bí ojú ṣe ń kọjá lórí ẹni tí èèyàn ò mọ̀ rí. Màámi mọ ohun tí ìwò yẹn ń sọ. Wọ́n dúró sójú kan. Bí wọ́n bá lè dúró bẹ́ẹ̀ díẹ̀ sí i, wọ́n á lé bàbá mi lọ, iṣẹ́ á wà.

Ṣùgbọ́n Wàsíù ń ké. Kì í ṣe igbe ìbẹ̀rù mọ́, igbe ebi ni. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì bímọ lè má mọ èyí, àwọn ọkùnrin tó dúró níbẹ̀ náà ò mọ̀ ọ́n: bí ọmọ bá ké igbe yẹn, omi ọyàn kì í béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín kó tó wá. Màámi fi apá bo àyà. Ìyá Sìdí, tí ọmọ tiwọn wà nílé pẹ̀lú ògì, fi apá bo àyà. Lẹ́yìn wọn, ọmọdébìnrin kan tí gbogbo wọn rò pé kò tíì lọ́kọ fi apá bo àyà. Àwọn mìíràn tún wà.

Ọ̀gá Ìwọ-Ìwọ wò wọ́n. Ó ní kí wọ́n sọ ọwọ́ kalẹ̀. Aṣọ wọn ti tutù. Ó na igi.

"Ìwọ," ló wí. "Ìwọ. Ìwọ náà."

Bó ṣe ń gbà wọ́n wọlé náà ló ṣe lé wọn jáde. Màámi rìn lọ bá bàbá mi, wọ́n gba Wàsíù, wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú gẹ́ètì, wọ́n sì fún un lọ́mú lójú gbogbo ayé. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ mumú lọ́sàn-án láìsí ògiri nídìí rẹ̀.

Èmi àti Sìdí ń kọrin bọ̀ láti ibi ìdánwò. Ìbéèrè náà rọ̀ wá lọ́rùn. A bá ìyá wa méjèèjì nílé, oòrùn sì ṣì wà lókè, a mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Bàbá mi dojú bolẹ̀ lórí ẹní, màámi ń fi aṣọ gbígbóná jó wọn lẹ́yìn. Nírọ̀lẹ́, Ìyá Ìlaròó wọlé wá, ohun tí wọn kì í ṣe. Bàbá mi gbórí díẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá Ìlaròó, ẹ̀yin lẹ borí."

Ìyá Ìlaròó ní, "Kí ni mo borí níbẹ̀?" Wọ́n gbé abọ́ gàrí sílẹ̀, wọ́n dé e, wọ́n jáde. Mi ò gbọ́ iyàn yẹn lẹ́nu wọn mọ́.

Èmi àti Sìdí la jọ yege. Èmi nìkan ni mo wọlé. Owó ilé-ẹ̀kọ́ Sìdí ò sí, torí kò sí gẹ́ètì tó tún gba ìyá rẹ̀, Ọ̀gá Ìwọ-Ìwọ ti mọ ojú wọn. Wọ́n kó lọ sí Ìjù, níbi tí owó yàrá ti rọjú díẹ̀, Sìdí sì bẹ̀rẹ̀ sí í kiri omi inú ọ̀rá fún àwọn ọlọ́kọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó ẹrù, ó gbé ìkòkò lórí, ó dúró níwájú mi. Mo rò pé ó fẹ́ dágbére. Ó ní, "Bàbá ẹ ni kò yẹ kó wá." Ó yí padà, ó tẹ̀lé ìyá rẹ̀. Wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì dí ihò yẹn pa kí ọ̀sẹ̀ tó parí, mo máa ń rí ojú ibẹ̀ bí mo bá ń kọjá lọ sí girama nínú yunifọ́ọ̀mù mi tuntun, ó funfun yàtọ̀ sí ìyókù ògiri.

Màámi gún ata fún àwọn olóúnjẹ títí wọ́n fi kú, owó ata yẹn ni wọ́n fi rán mi ní girama. Ìyá Ìlaròó náà ti lọ. Ilé-iṣẹ́ bisikíìtì ti kun ọ̀dà mìíràn, Ọ̀gá Ìwọ-Ìwọ ò sí mọ́, fóònù ni wọ́n fi ń pe èèyàn. Ọkọ mi kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà, iṣẹ́ àwọn tó ń jó irin mọ́ irin, ó sì mọ̀ ọ́n. Gbogbo ibi tó dé, wọ́n ní ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá ohun tí àwọn ń wá, bẹ́ẹ̀ irun funfun kan ò sí lórí rẹ̀. Ó máa ń jáde láàárọ̀ kí àwọn ọmọ lè máa rí i pé ó jáde. Èmi náà lọ wáṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ bisikíìtì lóṣù tó kọjá. Ọmọbìnrin kan tó kéré sí mi ló gbà mí lálejò, ó lọ́wọ̀, ó fún mi ní àga, ó pè mí ní mà. Ó wá bi mí pé ṣé mo ní ọmọ tó ń mumú lọ́wọ́. Mo ní mo ní. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní àwọn á pè mí. Fóònù mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Nítorí náà, ẹ máa jiyàn yín lọ nídìí ẹ̀rọ. Èmi ò lè bá yín dájọ́. Mo ti gbé màámi sápá kan, mo gbé bàbá mi sápá kejì, gẹ́ètì kan náà ni mo ń rí níwájú àwọn méjèèjì.

Fèrè yẹn dún lánàá, bàbá mi sì gbé ife wọn kalẹ̀. Mo ti mọ ohun tó kàn. Wọ́n dìde, wọ́n di bẹ́ńṣì mú, wọ́n yọ ìró kúrò lórí okùn, wọ́n wá dúró sẹ́nu ọ̀nà mi. Ojoojúmọ́ ni, láti ìgbà tí mo ti bí ọmọ yìí.

Mo ní, "Bàbá, kò sẹ́ni tí ẹ fẹ́ gbé e lọ bá. Èmi nìyí nílé."

Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Gbé e wá."

Ẹ̀yìn wọn ti tẹ̀ débi pé wọn kì í nílò àtibẹ̀rẹ̀ mọ́ kí n tó gbé ọmọ lé e. Mo fún ìró náà mọ́ wọn láyà. Wọ́n rìn dé ìpẹ̀kun àdúgbò wa, níbi tí èèyàn ti lè rí ògiri ilé-iṣẹ́, wọ́n dúró díẹ̀ nínú ibòji, wọ́n sì yí padà. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké lójú ọ̀nà. Mo gbọ́ ọ láti inú ilé. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, aṣọ mi ti tutù.